Ìgbà Tí A Kọ̀ Láti Dúró Fún Ara Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé yín, mo ní orúnkún mi ò gbà kí n jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì yín tí kò ní ẹ̀yìn. Ẹ ní kí n kọ ọ́ nígbà náà. Ó dáa, mo ń kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní àsìkò òjò, ní àwọn ọdún tí ìjọba ti dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ dúró, tí ẹni tó bá fẹ̀yìn tì ń di ẹrù rẹ̀ lọ láìsí ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Ilé ìwòsàn ìjọba ni, lágbègbè wa níbí, ẹni tó bá wọ ọ̀kadà láti Ìkìrun yóò kọjá Inísà kó tó débẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà mọ ara wọn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Múínátù lorúkọ mi, ṣùgbọ́n gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń pè mí ní Àǹtí Múínà, èmi sì ni alága ẹgbẹ́ níbẹ̀. Mo lẹ́nu, mi ò sẹ́. Ọkọ mi ti sọ ọ́, àwọn ọmọ mi ti sọ ọ́, àwọn àna mi ti fi ṣe orin kọ. Wọn ò kúkú ní fi ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣe alága.

Àṣà kan wà láàárín wa tí mo ní láti ṣàlàyé fún yín ná, nítorí òun ni ó fa gbogbo rẹ̀. "Dúró fún mi" là ń pè é. Bí ọmọ ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, bí àna ẹnì kan bá papòdà, bí òjò bá dá ẹnì kan dúró sí gárẹ́èjì Ìkìrun, yóò pe ẹnì kejì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró." Ẹni tó ti ṣe díútì àárọ̀ yóò nu ojú, yóò mu omi, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀sán. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí wọn ó fún òun. Ìwọ náà mọ̀ pé ọjọ́ tìrẹ ń bọ̀. Mo fẹ́ràn àṣà yẹn, ẹ jẹ́ kí n wí i jáde. Òun ló jẹ́ kí n lè fún àwọn ọmọ mi lọ́yàn, kí n sì tún máa ṣiṣẹ́.

Àwọn aláṣẹ náà fẹ́ràn rẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀? Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba àyè, ì báà ṣe àyè láti lọ sìnkú, ì báà ṣe àyè láti lọ kàwé, àfi kó mú adélé wá, ìyẹn ẹni tí yóò dúró fún un títí yóò fi padà dé. Kò sí adélé, kò sí àyè. Láti bá ènìyàn dúró lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ta ni kò lè ṣe é? Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti iṣẹ́ ẹlòmíì títí onítọ̀hún yóò fi parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí òfin yìí ti dé, ẹ̀kọ́ṣẹ́ di ohun tí a kàn ń gbọ́ pé wọ́n ń ṣe níbòmíì. Ẹni tó wọlé gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ń darúgbó lórí olùrànlọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni Fọláṣadé há sí.

Ọmọ Inísà ni Fọláṣadé, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ nílé wọn. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni lọ́dọ̀ wa, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ bo ẹnu. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kó di nọ́ọ̀sì gidi. Ó ti ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ náà, ó yege, kò rí adélé, àyè ò sí. Ó tún ṣe é, ó tún yege, àyè ò tún sí. Nígbà tí mò ń sọ yìí, wọ́n tún ti gbà á lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ orí tí wọn kì í gba ènìyàn kọjá rẹ̀. Bí ó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e, Fọláṣadé ti kọjá rẹ̀ nìyẹn, títí ayé. Wọn ò sì ní gba òṣìṣẹ́ ìjọba láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Kó wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ń ṣe kápẹ́ńtà, oṣù kan iṣẹ́ wà, oṣù kejì kò sí. Owó oṣù rẹ̀ ni gbogbo ilé ń jẹ.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì Alákòóso wa. Ọmọ Ìkìrun bíi tèmi ni bàbá yẹn, èèyàn jẹ́jẹ́, tó máa ń fi áńkáṣífì nu ojú ṣáá bí ẹni pé òógùn ń bò ó, kódà nínú ọyẹ́.

"Fọláṣadé, mo bá ọ yọ̀ o," ni Alákòóso wí. "Adélé rẹ dà?"

"Kò sí, sà."

"Kò burú. Bó o bá ti rí i, kó o mú un wá."

Ó ti fẹ́ yí ojú sí nǹkan mìíràn. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ dákun sà, ibo ni ẹ fẹ́ kó ti mú un wá? Ṣé ọjà Inísà ni wọ́n ti ń tà á ni? Gbogbo wa la ti ń dúró fún ẹnì kan tẹ́lẹ̀!"

"Alága, ẹ rọra. Ohùn yín."

"Ohùn mi nìyẹn láti kékeré, sà."

Ó ní kí Fọláṣadé bọ́ síta. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ohùn tó wá fi bá mi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohùn ọ̀gá mọ́.

"Àǹtí Múínà, ṣé ẹ rò pé mi ò fẹ́ kí ọmọ yẹn lọ ni? Mo ti bẹ àwọn ará Òṣogbo, ní ilé iṣẹ́ ètò ìlera, pé kí wọ́n fún wa ní òṣìṣẹ́, ó ti sú mi. Ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: 'Ilé ìwòsàn yín ń lọ dáadáa, kò sẹ́ni tó wá fẹjọ́ sùn.' Kí ni kí n sọ? Ibo ló ṣófo tí n ó fi hàn wọ́n? Bí ẹnì kan bá dìde báyìí, ẹlòmíì ti jókòó síbẹ̀. Ẹ ò jẹ́ kí ibì kan ṣófo rí!"

Mo jáde. Ó dùn mí wọra. Àánú tí a ń ṣe ara wa ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, àwa náà la sì ń bá wọn di ilẹ̀kùn ọ̀hún mú lójoojúmọ́.

A ṣe ìpàdé lábẹ́ igi furúùtù tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ wọ́ọ̀dù. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, a ò yan iṣẹ́ lódì. Kí oníkálukú wá ṣe díútì tirẹ̀, kó ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá ẹnikẹ́ni dúró mọ́. Bí ibì kan bá ṣófo, ẹ jẹ́ kó ṣófo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá rí i."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ń wolẹ̀. Bàbá Jímọ̀, tó máa ń ti àwọn aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ abẹ, òun ló dàgbà jù láàárín wa. Ó gbé fìlà, ó tún un dé.

"Alága, bí ìyàwó mi bá ń rọbí ńkọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan ní, "Bàbá, ìyàwó yín wo ló tún fẹ́ rọbí?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, mo kàn ń béèrè ni. Bí ẹnì kan bá kú ńkọ́? Ṣé àá máa wo ara wa ni?"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Mo ní, "Bàbá, àwa náà ò ní kú lọ́sẹ̀ yìí, lágbára Ọlọ́run." Wọ́n ṣe àmín. Ìdáhùn yẹn kò tó, mo mọ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n a dìbò, ó sì wọlé. Ràfíátù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni Ràfíátù ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́, òun ló kọ́ Fọláṣadé níṣẹ́ nígbà tí Fọláṣadé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì mọ bí a ti ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó ní, "Ọmọ mi ni Fọláṣadé. Bí ebi yóò bá pa mí, kó lọ."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Mi ò mọ̀ pé ihò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa àfi ìgbà tí a yọwọ́ kúrò lára wọn. Ọjọ́ kan kò sí ẹni tó ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, wọ́n tò sí ìta títí dé ẹnu géètì. Ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó ń se omi tí wọ́n fi ń fọ irin iṣẹ́ abẹ. Àwọn ìyá láti Ìgbàyè tí wọ́n gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ń ké pè wá. Ọ̀kan nínú wọn dá mi mọ̀, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà kẹ̀?" Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ bá wa gbàdúrà." Ó ní òun ò wá gbàdúrà, abẹ́rẹ́ lòun wá gbà. Òótọ́ ló sọ. Mo lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lọ sunkún níbẹ̀, mo fọ ojú mi, mo jáde.

Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ o! Ariwo dé etí àwọn ará Òṣogbo. Alákòóso pè mí, inú rẹ̀ ń dùn, kò kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni. Ó ní àwọn èèyàn méjì ń bọ̀ láti wá fi ojú ara wọn rí i bóyá lóòótọ́ ni òṣìṣẹ́ ò tó. Bí wọ́n bá gbà pé lóòótọ́ ni, wọn ó gbé òfin adélé kúrò lójú ẹsẹ̀, Fọláṣadé yóò sì wọlé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Wọ́ọ̀dù wo ló máa ṣófo lọ́jọ́ náà?" Mo ní mi ò mọ̀, ẹni tó bá wà ní díútì á wà ní díútì. Nígbà tí mo sọ fún Fọláṣadé, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ibi tó wà, ó ń kọrin ìjọ wọn, ó ti ra báàgì tí yóò fi kó ẹrù.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ìyá Ràfíátù kú ní Inísà.

Ẹ̀yin náà mọ bí ti àwa Mùsùlùmí ṣe rí. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wọlẹ̀. Díútì ọ̀sán ni Ràfíátù ní. Ó lọ gba àyè, wọ́n ní adélé rẹ̀ dà. Ó wá bá mi ní ibi tí mo ti ń pín oògùn, ojú rẹ̀ gbẹ, kò tíì sunkún.

"Múínà, wọ́n ń wẹ ìyá mi lọ́wọ́ báyìí."

Mo di í mú. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá ní kí ẹnì kan dúró fún un, èmi alága ni mo fi ọwọ́ ara mi tú ohun tí gbogbo ènìyàn ti ń jìyà lé lórí, ní ọjọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀ gan-an. Bí n kò bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi yóò wà ní wọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n bá ń bu yẹ̀ẹ̀pẹ̀ lé ìyá tó bí i. Wọ́n ti fún Ràfíátù ní kúẹ́rì kan, ìyẹn ìwé ìbáwí, tẹ́lẹ̀ rí. Bó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgba àyè, èkejì nìyẹn, wọ́n sì lè fi lé e lọ.

Mo ní, "Máa lọ. Máa lọ, Ràfí. N ó mọ ohun tí n ó ṣe." Irọ́ ni, mi ò mọ nǹkan kan. Ó ká ìborùn rẹ̀ mọ́rùn, ó sá bọ́ sí ìta, ó fò sórí ọ̀kadà.

Nǹkan bí ìgbà tí wọ́n ń kí ìrun Àsárì, mo gbọ́ ìró mọ́tò àwọn àlejò ní géètì. Mo yára gba ẹ̀yìn lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Èrò mi ni pé ó ṣófo, kí n kàn lọ wò ó pé kò sí ọmọ tó wà nínú ewu. Mo ṣílẹ̀kùn. Fọláṣadé ló wà níbẹ̀. Díútì àárọ̀ ló ṣe, ó ti yẹ kó ti délé. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó wà lójú fèrèsé, ó di ọwọ́ ọmọ kékeré kan tí wọ́n fi dírípù sí mú kí ọmọ náà má baà fà á yọ. Ìyá ọmọ náà ti rẹ̀, ó ti sùn lọ lórí àga.

Orí mi gbóná. Mo ní, "Fọláṣadé! Ta ló ní kó o dúró? Wọ́n ti dé! Wọ́n ti wà ní géètì, jáde níbẹ̀ kíá!"

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Mi ò bínú, jáde ni mo wí! Ṣé o ò mọ̀ pé nítorí rẹ la ṣe ń jìyà yìí ni? Ìwọ la ń jà fún!"

"Mo mọ̀, mà." Kò gbé ohùn sókè. Omi ti lé sí ojú rẹ̀. "Wọ́n ń sin ìyá Àǹtí Ràfí. Bí mo bá jáde, ta ni yóò di ọwọ́ ọmọ yìí mú?"

Ìbéèrè tí àwọn aláṣẹ fi ń dè wá mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ló bi mí, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Èmi fúnra mi lè gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn yí padà? Wọ́ọ̀dù ò ní ṣófo náà nìyẹn. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ bí igi ni àwọn àlejò wọlé, Alákòóso sì tẹ̀ lé wọn.

Obìnrin kan tó lo awò ojú àti ọkùnrin kan tó wọ kàfùtáánì ni wọ́n. Obìnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó fi ìka kan ojú fèrèsé. "Ó mà mọ́ tónítóní níbí o," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́, sístà. Ṣé díútì yín ni?"

Ẹ dúró kí ẹ rò ó wò. Bí Fọláṣadé bá ní rárá, kì í ṣe díútì òun, ìbéèrè tó kàn ni pé díútì ta ni, ibo ni ẹni náà wà, ta ló fún un láyè. Iṣẹ́ Ràfíátù lọ nìyẹn, ní ọjọ́ tó sin ìyá rẹ̀. Bó bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ nìyẹn.

Fọláṣadé wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Díútì mi ni."

Obìnrin náà yí sí mi. Bóyá ó rí nǹkan lójú mi, mi ò mọ̀. "Alága, ẹ̀yin lẹ ké pé àyè ṣófo níbi gbogbo. Ṣé òótọ́ ló sọ?"

Alákòóso mọ òtítọ́. Òun náà ti gbọ́ pé ìyá Ràfíátù kú. Ó ń wo ilẹ̀, áńkáṣífì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fi nu ojú. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, èmi tí mo lè bá odindi kọmíṣọ́nnà jà, mo wo ojú Fọláṣadé.

"Òótọ́ ni," mo ní.

Wọ́n lọ. Wọ́n dé àwọn wọ́ọ̀dù yòókù, wọ́n rí ibi tó ṣófo níbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọdé tó mọ́ tónítóní ni wọ́n ń sọ títí wọ́n fi wọ mọ́tò. Wọ́n ní àwọn ó padà jíròrò. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìjíròrò máa ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ará ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n fi máa jíròrò tán, àwọn ẹgbẹ́ Fọláṣadé ti wọlé, wọ́n ti dé fìlà nọ́ọ̀sì, wọ́n ti ya fọ́tò.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ò bá Fọláṣadé sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ó tà wá. Ràfíátù kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àfi ìgbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó wá bá Fọláṣadé ní yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó dì mọ́ ọn, ìgbà yẹn gan-an ló wá sunkún, àti ti ìyá rẹ̀, àti ti ọmọ tó kọ́ níṣẹ́.

Mo ti rò ó títí. Bí wọ́n bá tún bi mí lónìí, "òótọ́ ni" náà ni n ó sọ. Mi ò lè fi òpó ilé ọ̀rẹ́ mi dáná kí n fi se ọbẹ̀ fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí i rí, ọjọ́ kan báyìí.

A ò jáwọ́. A tún ṣe ìpàdé, a tún ké, a lọ sí Òṣogbo lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, òjò pa wá níbẹ̀, Bàbá Jímọ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, wọ́n gbé òfin adélé kúrò. Wọ́n gbà pé lọ́dọọdún, ó kéré tán, ènìyàn kan gbọ́dọ̀ lọ kàwé, owó oṣù rẹ̀ á sì máa wọlé, iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni láti wá ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń jẹ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, tí ẹ ti dé pẹ̀lú ipò tuntun, tí ẹlòmíì nínú yín ti gba ibẹ̀ kọjá sí Èkó àti Ìbàdàn, àní tí àwọn kan ti sọdá òkun, èrè ìjà yẹn ni. Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa. Mi ò bá yín jà.

Ṣùgbọ́n wọn ò gba òṣìṣẹ́ tuntun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín nígbà náà pé, ta ni ilé ìwòsàn rí tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni tó bá lọ? Fọláṣadé ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbà á mọ́, kò sì níbi tó ń lọ, torí náà òun ni wọ́n ń fi sí ibikíbi tó bá ṣófo. Ẹni tó lọ lọ́dún àkọ́kọ́, òun ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e, òun náà ni. Ó ti bá gbogbo yín dúró, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń pàṣẹ fún un nísinsìnyí. Wọ́n ń pè é ní Àǹtí, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un, ipò rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. A ti ilẹ̀kùn náà ṣí, àwọn ènìyàn ń gba ibẹ̀ kọjá, òun nìkan la fi sílẹ̀ nínú ilé.

Mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ mi dúró síbẹ̀ yẹn, kí n ní kí ẹ jà kí wọ́n yí òfin ọjọ́ orí padà fún ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kí n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ nǹkan ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí tí n kò lè fi pamọ́.

Fọláṣadé pè mí lórí fóònù. Ó kí mi, ó béèrè orúnkún mi, ó béèrè àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, torí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ní, "Kí ló dé?"

"Ìyá mi ni, Àǹtí. Ara wọn ò yá. Dókítà ní kí n máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo lónìí. Mo ti pe gbogbo àwọn tí mo bá dúró rí. Àwọn kan wà nílé ẹ̀kọ́. Àwọn kan ti kúrò lágbègbè yìí. Ẹnì kan ní Kánádà lòun wà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo mọ̀ pé ọwọ́ ti lọ sí ẹnu. "Àǹtí, ẹ dákun, èmi nìkan ló wà ní wọ́ọ̀dù, mi ò mọ ẹni tí n ó tún pè. Ṣé ẹ lè wá bá mi dúró?"

Mo ti fẹ̀yìn tì. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí wọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni mọ́. Orúnkún mi ń jó bí iná. Mo wọ bàtà, mo wọ ọ̀kadà láti Ìkìrun, mo kọjá Inísà, mò ń bú gbogbo yín lójú ọ̀nà, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórúkọ, títí ọlọ́kadà fi bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Fọláṣadé dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ó kúnlẹ̀, mo gbé e dìde, mo ní kó máa lọ, kó máa sáré. Mo wẹ ọwọ́. Mo jókòó sórí àga tó wà lójú fèrèsé.

Ọ̀gá tuntun ilé ìwòsàn náà ń kọjá lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yọjú, ó rí ènìyàn lórí àga, ó rí i pé ibẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.